Ta Ni Ó Ni Ìdájọ́: Ìwé Òfin Tàbí Adarí Eré?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti ogun Kírìjì. Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa.

Ní ìpàdé kan ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, àwa àgbà jókòó lókè, a ń jiyàn lórí owó gbọ̀ngàn, ni a bá gbọ́ ariwo láti yàrá ìsàlẹ̀ níbi tí a kó àwọn ọmọ sí. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Ó ti kú!" Èkejì ní, "Kò tíì kú, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀!" Mẹ́ta nínú wa sáré sọ̀ kalẹ̀, ìyá kan kò tilẹ̀ rántí wọ bàtà. A kò bá òkú kankan. Àwọn ọmọ mẹ́fà ni wọ́n yí tábìlì ká, pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsùlù, ìwé ńláńlá àti oríṣiríṣi dáìsì, òmíràn olójú 4, òmíràn olójú 20. Ẹni tí ó "kú" náà, jagunjagun kan tí ọmọkùnrin ọlọ́dún 13 fi ẹnu dá ni. Ó ń gun ògiri ààfin ọba, ó sì jábọ́. Ọmọbìnrin tí ó ń darí eré ní ó ti tán fún un. Ọmọkùnrin ṣí ìwé tirẹ̀, ó ní kò tíì tán. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú, ìwé àtijọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ó rí nínú àjà ilé bàbá rẹ̀, ó ní ó ti tán pátápátá. Nígbà tí a bi wọ́n pé ta ni ó ṣe òfin tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ fún ara wọn lọ́rùn, kò sí ẹni tí ó lè dá wa lóhùn. Àwa náà kò sì mọ̀ ọ́n. A lọ wádìí. Ohun tí a rí rèé.

Fún àwọn òbí tí kò tíì rí eré náà rí: kò jọ lúdò, kò sì jọ ayò. Nínú ayò, ihò 12 ni ó wà, ọmọ ayò 48, ojú ọpọ́n sì ni gbogbo ìjà pin sí. Nínú eré tí à ń wí yìí, kò pọn dandan kí ọpọ́n wà, kò sì sí ẹni tí ó ń pa ẹnì kejì láyò. Oníkálukú yóò dá ẹ̀dá kan, yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe. Ẹnì kan tí ó jẹ́ adarí yóò máa sọ bí ayé inú eré ṣe rí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó súnmọ́ àlọ́ alẹ́ ju bí ó ti súnmọ́ lúdò lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú àlọ́ tiwa, kò sí ọmọ tí í dá apàlọ́ dúró kí ó ní ìjàpá kò gba ọ̀nà ibẹ̀ yẹn. Nínú eré yìí, ó lè dá a dúró. Níbẹ̀ ni òfin ti wọlé, tí dáìsì sì tẹ̀ lé e.

Àwọn ológun ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ní ilẹ̀ Prussia tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1812, Georg Leopold von Reisswitz ṣe tábìlì eré ogun kan fún ọba Friedrich Wilhelm III. Ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1824. Àwọn tí ń ṣeré kì í fọwọ́ kan nǹkan kan lórí àwòrán ilẹ̀ náà. Wọ́n á kọ àṣẹ wọn sínú ìwé bí ọ̀gágun ti í kọ ọ́ lójú ogun, wọ́n á fi lé onídàájọ́ kan lọ́wọ́. Òun ni yóò da dáìsì, tí yóò yẹ ìwé wò, tí yóò sì sọ iye ọmọ ogun tí ó ṣubú. Ìwé náà nípọn, ìṣirò inú rẹ̀ sì ń gba àkókò, àwọn ọ̀gá ológun sì ń ráhùn. Ní 1876, ọ̀gágun Julius von Verdy du Vernois sọ èrò mìíràn: ẹ pa ìwé ìṣirò tì, kí onídàájọ́ tí ojú rẹ̀ ti rí ogun fi ìrírí rẹ̀ dájọ́. Láti ìgbà náà ni àgọ́ méjì ti wà. Àgọ́ kan ní ìwé ni ọba, èkejì ní ènìyàn ni. Ìjà yàrá ìsàlẹ̀ wa kò ju èyí lọ, ọmọ ọlọ́dún 13 ni ó kàn ń jà á.

Ẹ jẹ́ kí a fò dé Amẹ́ríkà. Ní 1969, ní agbègbè Minneapolis àti St. Paul, David Wesely pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti wá ta ogun ayé Napoleon ní ìlú kan tí ó pè ní Braunstein. Dípò kí ó fún oníkálukú ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ó fún àwọn kan ní ipò ènìyàn kan ṣoṣo nínú ìlú náà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn ti túká sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń dìtẹ̀, wọ́n ń parọ́ fún ara wọn. Wesely rò pé eré òun ti bàjẹ́. Àwọn tí ó ṣe é ní kí ó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Dave Arneson, ni ó mú àṣà náà wọ ayé idà, ẹranko abàmì àti ihò ilẹ̀ tí ó pè ní Blackmoor. Ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Gary Gygax àti Jeff Perren ti tẹ ìwé òfin ogun ayé àtijọ́ kan jáde ní 1971, tí wọ́n pè ní Chainmail. Arneson fi ìwé yìí bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé kò tó, ó sì fi òfin tirẹ̀ kún un. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi kún un ni pé idà kan kì í pa akọni lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Akọni ní iye kan tí yóò máa dín kù bí ìyà ti ń jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé láti inú òfin eré ogun ojú omi ni òun ti mú un, níbi tí ọkọ̀ ti í gba ọta púpọ̀ kí ó tó rì.

Òun àti Gygax pa ìmọ̀ wọn pọ̀, Dungeons & Dragons sì jáde ní 1974: ìwé pẹlẹbẹ 3 nínú àpótí kan, ẹ̀dà 1000, dọ́là 10. Ilé-iṣẹ́ TSR tí ó tẹ̀ ẹ́ kò ju ti àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan lọ. Ní 1975, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta dá Games Workshop sílẹ̀ ní London, wọ́n sì gba àṣẹ láti máa tà á ní Yúróòpù. Báyìí ni ó ṣe dé Ìlú Ọba.

Ìwé 1974 náà kò yé èèyàn tó. Ó kún fún àlàfo, àwọn tí ó kọ ọ́ sì gba àwọn òǹkàwé níyànjú pé kí wọ́n fi ìrònú ara wọn dí i. Ọ̀nà Verdy nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà tàn káàkiri, tí a ń fi ṣe ìdíje, adarí kan ń sọ báyìí ní ìlú kan, òmíràn ń sọ bí ó ṣe wù ú ní ìlú kejì. Gygax wá kọ ìwé ńlá 3 láàrin 1977 sí 1979, tí ó pè ní Advanced Dungeons & Dragons, kí òfin lè dọ́gba níbi gbogbo. Arneson pe TSR lẹ́jọ́ ní 1979 lórí owó tí ó yẹ kí ó máa wọlé fún un, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1981. Gygax kú ní 2008, Arneson tẹ̀ lé e ní 2009. Àríyànjiyàn lórí ta ni ó ṣe èwo nínú òfin náà kò bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ògiri ààfin, nítorí ògiri yẹn ni a fi mọ ìyàtọ̀ àwọn òfin wọ̀nyí. Gbogbo wọn ni wọ́n ní láti dáhùn ìbéèrè kan: bí ẹnì kan bá fẹ́ gun ògiri, yóò ha gùn ún bí?

Nínú ìwé 1974, kò sí òfin ògiri fún jagunjagun. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Adarí ni yóò sọ bí ó bá ṣeé ṣe. Ní 1975 ni wọ́n fi iṣẹ́ kẹrin kún un, ìyẹn olè, wọ́n sì kọ iye agbára rẹ̀ láti gun ògiri sílẹ̀. Nínú ìwé 1978, olè tí kò tíì mọ nǹkan kan ní àǹfààní 85 nínú 100. Ẹ wo ìyọnu tí èyí dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìwé kọ ọ́ pé olè lè gun ògiri, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ṣé àwọn yòókù kò lè gùn ún mọ́ ni? Ìwé kò sọ pé wọn kò lè gùn ún. Kò sì sọ pé wọ́n lè gùn ún. Àwa tí a ti bá ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà jà ní ilẹ̀ yìí mọ irú òfin bẹ́ẹ̀.

RuneQuest jáde ní 1978 láti ọwọ́ Steve Perrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Chaosium ti Greg Stafford, ẹni tí ó ti dá ayé Glorantha sínú ìrònú rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n fọ́ iṣẹ́ olè àti iṣẹ́ jagunjagun túútúú. Gbogbo ènìyàn ní nọ́ḿbà kan fún gígun ògiri. Bí tìrẹ bá jẹ́ 40, o ó da dáìsì tí ń fúnni ní 1 sí 100. 40 tàbí kí ó dín, o ti gòkè. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Bí o bá gun ògiri nígbà tí ewu wà, wàá sàmì sí i. Nígbà tí ìrìn-àjò bá parí, wàá tún da dáìsì, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ yìí o ní láti da ohun tí ó ju ìmọ̀ rẹ lọ kí ìmọ̀ náà tó lé sí i. Ẹni tí ó mọ díẹ̀ yóò kọ́ kíákíá. Ẹni tí ó mọ púpọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máà rí nǹkan kọ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ híhun tàbí iṣẹ́ ìlù rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní 1981, Sandy Petersen mú òfin yìí kan náà, ó fi ṣe Call of Cthulhu, níbi tí ènìyàn ti í sọ orí rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Fún ìyẹn pàápàá nọ́ḿbà wà.

Traveller ti 1977, eré àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀run, ní àrà tirẹ̀: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wàá gbé ìgbésí ayé ẹ̀dá rẹ ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin nínú iṣẹ́ ológun tàbí ti òwò, o sì lè kú kí o tó jókòó ṣeré rárá. A rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a kà á.

Steve Jackson ti Austin, ní Texas, ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ó gbé ìwé-ni-ọba dé òpin rẹ̀. GURPS rẹ̀ ti 1986 fẹ́ jẹ́ òfin kan fún gbogbo ayé, ti idà, ti ìbọn, ti ojú ọ̀run. Ó sọ dídá ẹ̀dá di ọjà: 100 pọ́ìntì ni ìwọ yóò fi ra agbára, ọgbọ́n àti iṣẹ́ ọwọ́, bí o bá sì gbà láti yarọ tàbí láti máa bẹ̀rù òkùnkùn, wọn yóò dá pọ́ìntì padà fún ọ. Dáìsì lúdò mẹ́ta ni ó ń lò, o sì ní láti da iye tí kò ju ìmọ̀ rẹ lọ. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 yóò gun ògiri ní ìgbà 50 nínú 100. Bí ó bá di 11, ó fò sí bíi 62. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní 15, tí ó ti ń gùn ún ní ìgbà 95, bí ó bá di 16, kò ju 98 lọ. Dáìsì mẹ́ta papọ̀ ni ó fa èyí, nítorí iye àárín ni wọ́n máa ń fúnni jù. Nínú Dungeons & Dragons láti ọdún 2000, dáìsì kan olójú 20 ni gbogbo rẹ̀; ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 nínú 100 fún òpè àti ọ̀gá bákan náà. Oríire àti òfò pọ̀ níbẹ̀ ju ti GURPS lọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ti dàgbà yóò yan dáìsì mẹ́ta.

Ilé-iṣẹ́ Jackson yìí kan náà ni àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Secret Service, ya wọ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1990. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà, wọ́n kó ìwé eré kan tí wọn kò tíì tẹ̀, wọ́n ní ìwé ìkọ́ni ní olè kọ̀ǹpútà ni. Ilé-ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní 1993, ó sì ní kí ìjọba san owó gbà-máà-bínú tí ó lé ní 50,000 dọ́là. Òfin eré ni ó wà nínú ìwé náà.

Ìfura tí ó kan àwa òbí jù kì í ṣe ti ìjọba. Ní àwọn ọdún 1980, ariwo gba Amẹ́ríkà pé eré yìí ń kọ́ ọmọ ní àjẹ́, ó sì ń mú wọn pa ara wọn. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ dìde ní 1983 láti bá a jà. Ilé-iṣẹ́ TSR bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n tún òfin wọn tẹ̀ ní 1989, wọ́n yọ orúkọ àwọn ẹ̀mí àìmọ́ kúrò. (A kọ "ẹ̀mí àìmọ́", a kò kọ èyí tí Bíbélì wa ń lò, nítorí a ti fi orúkọ Èṣù wa jẹ gbèsè tí kò jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.) Ariwo náà dé ilé wa pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wa gbọ́ ọ nínú ìwàásù, wọ́n dé ilé, wọ́n kó ìwé ọmọ wọn dà sínú ìdọ̀tí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Ó sọ fún wa pé òun kò bínú nítorí ìwé, bí kò ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi òun ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

A ó sáré kọjá lórí díẹ̀. Vampire: The Masquerade ti 1991 ń kó ọ̀pọ̀ dáìsì olójú 10 dà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń ka iye tí ó dára nínú wọn, ìwé náà bìkítà fún ìbànújẹ́ ẹ̀dá ju fún ògiri lọ. Amber ti 1991 sọ dáìsì nù pátápátá. Mike Pondsmith, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe Cyberpunk ní 1988: agbára rẹ, ìmọ̀ rẹ àti dáìsì olójú 10 kan, ẹ rò ó pọ̀, ó tán. Láti inú rẹ̀ ni eré kọ̀ǹpútà Cyberpunk 2077 ti jáde ní 2020. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n rò pé eré yìí kì í ṣe ti irú wọn mọ orúkọ ọkùnrin náà.

Apocalypse World ti Vincent Baker jáde ní 2010, òun ni ó sì rí ọ̀nà kẹta láàrin àgọ́ méjèèjì. Dáìsì lúdò méjì ni. Bí ó bá jẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, o gòkè. Bí ó bá jẹ́ 6 tàbí kí ó dín, adarí yóò mú ìyọnu wá. Ṣùgbọ́n 7 sí 9 ni ọkàn rẹ̀: o lè gòkè, ṣùgbọ́n adarí yóò dá ohun kan lé ọ, bóyá ẹ̀ṣọ́ rí ọ, bóyá okùn rẹ já, ìwọ yan èwo. Fún ẹni tí kò ní àfikún kankan, àǹfààní gígòkè láìsí ìyọnu jẹ́ 6 nínú 36, ti "bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n" jẹ́ 15, ti ìyọnu jẹ́ 15. Níbí, ìwé ni ó pàṣẹ fún adarí pé kí ó lo ìrònú rẹ̀, ó sì sọ ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ lò ó.

Ta ni ó wá ni àwọn òfin wọ̀nyí? Wizards of the Coast ra TSR ní 1997, Hasbro sì ra Wizards ní 1999. Ní 2000, wọ́n fi ìwé àṣẹ kan lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè lo gbòǹgbò òfin Dungeons & Dragons láti fi ṣe ìwé tirẹ̀ tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìyẹn jẹun. Nígbà tí àtúntẹ̀ 2008 kò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ Paizo mú òfin àtẹ̀yìnwá, wọ́n fi ṣe Pathfinder ní 2009. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, ìròyìn jò pé Wizards fẹ́ yí ìwé àṣẹ náà padà kí ó le sí i. Àwọn aṣeré dìde bí omi òkun. Kí oṣù náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti padà sẹ́yìn, wọ́n sì gbé gbòǹgbò òfin náà sábẹ́ Creative Commons, níbi tí a kò ti lè gbà á padà mọ́. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí a fi kọ òfin eré ni a lè dáàbò bò, kì í ṣe ọ̀nà tí à ń gbà ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ pé ó ta ayò.

Ó ku ọ̀rọ̀ jagunjagun wa. A gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, a sì yẹ ojú ìwé tí a kọ ọdún sí wò. Ti ọmọkùnrin jẹ́ 2014. Ti ọmọbìnrin jẹ́ 1981. Ògiri náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 30, méjèèjì sì fẹnu kò pé dáìsì lúdò mẹ́ta ni ìyà rẹ̀. Ó bọ́ sí 13, jagunjagun kò sì ní ju 12 lọ. Ìwé 1981 sọ pé ẹni tí iye rẹ̀ bá ti di òfo ti kú. Ìwé 2014 sọ pé ó dákú ni. Yóò máa da dáìsì olójú 20, 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ni yóò fi yè, ohun tí ó dín sí i lẹ́ẹ̀mẹta ni yóò fi kú. Àwọn ọmọ méjèèjì ni wọ́n jàre. Ọdún 33 ni ó wà láàrin wọn, kì í ṣe irọ́.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbìmọ̀, wọ́n ní kí a lo ti 2014 fún ikú, kí ẹnu ọmọbìnrin náà sì ṣẹ lórí gbogbo ohun yòókù. Ọmọkùnrin da 14. Ó da 6. Ó da 11, ó tún da 17. Jagunjagun yè. Ọmọbìnrin náà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti kán, yóò sì máa tiro fún oṣù mẹ́ta. Ọmọkùnrin ṣí ìwé láti wá òfin ẹsẹ̀ kíkán. Kò rí i.